OJÚ KÌ Í ṢE KÓŃGÒ: Bí Àwọn Ọsibítù Ṣe Pawọ́ Pọ̀ Kí Ẹ̀jẹ̀ Má Baà Pa Abiyamọ

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kò yọ ilé kankan sílẹ̀. Bí ẹ ò bá lóyún lọ́wọ́, ọmọ yín lè lóyún. Bí ọmọ yín kò bá tíì tó bímọ, ìyàwó àbúrò yín ń bẹ níbẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ń kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ yín ń bẹ níbẹ̀. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ò mọ olówó, kò mọ tálákà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìsọ̀. Bí oníbàárà bá wá ra gààrí, ṣé ìyá elégààrí a máa fojú wo òkìtì gààrí kó ní, "Èyí á tó kóńgò mẹ́ta, máa gbé e lọ"? Rárá o! Kóńgò ni yóò kì bọ inú gààrí, yóò wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì fi ènì lé e. Télọ̀ kì í fojú gé aṣọ, tépù ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Káfíńtà kì í fojú gé pákó. Ohun tí a fi owó rà, a kì í fojú lásán wọ̀n ọ́n.

Ó wá ṣe jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ abiyamọ, tó níye lórí ju gààrí àti aṣọ lọ, ojú lásán ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ní ọ̀pọ̀ yàrá ìgbẹ̀bí? Ìbéèrè yìí ni àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì kan bi ara wọn. Wọn ò sì rí ìdáhùn rẹ̀ nígbà tí oníkálukú wà nínú ọsibítù tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n kó ìwé àkọsílẹ̀ wọn jọ sójú kan ni ojú wọn là.

BÍ Ẹ̀JẸ̀ ṢE Ń PA ABIYAMỌ

Bí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀, tí ibi náà sì tẹ̀lé e, ó yẹ kí ilé-ọmọ sún kì, kó le bí ẹ̀ṣẹ́ tí a dì. Fífún tó fún pọ̀ yẹn ló ń pa ẹnu àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ dé níbi tí ibi ti já. Bí ilé-ọmọ bá rọ̀, tó kọ̀ tí kò fún, ńṣe lẹ̀jẹ̀ á máa ya bí omi ẹ̀rọ tí a gbàgbé láti tì. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ó lè jẹ́ pé díẹ̀ nínú ibi ló ṣẹ́kù sínú, tàbí kó jẹ́ pé ojú ara ló ya. Wọn ò tíì kí "ẹ kú ewu ọmọ" tán tí ọ̀rọ̀ á ti bẹ́yìn yọ.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn fẹnu kò sí i pé bí ẹ̀jẹ̀ tó dà lẹ́yìn ìbímọ bá ti tó 500 mílílítà, ewu ti dé. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ìwọ̀n yìí dẹ́rù bà yín. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan tí wọ́n kọ 50cl sí lára, òun gan-an ni 500 mílílítà. Kí ẹ̀jẹ̀ kún ọ̀rá kan, ewu dé. Kó kún ọ̀rá méjì, ewu ńlá gbáà ni.

Ṣùgbọ́n inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kọ́ lẹ̀jẹ̀ ń dà sí. Díẹ̀ á dà sórí bẹ́ẹ̀dì, díẹ̀ á fà mọ́ aṣọ àti òwú, díẹ̀ á dà sílẹ̀, díẹ̀ á pò mọ́ omi ìbímọ nínú báàfù. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń sáré sọ́dọ̀ ọmọ, ló ń sáré sọ́dọ̀ ìyá. Á wò ó, á ní, "Kò pọ̀ jù." Kì í ṣe ìkà, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ojú ló tàn án jẹ. Kó tó mọ̀ pé ó pọ̀, ọwọ́ ìyá ọmọ ti ń tutù.

NÍGBÀ TÍ ỌSIBÍTÙ 42 FI ÌWÉ KAN ṢỌ̀KAN

Láàrin ọdún 2012 sí 2013, àwọn dókítà ilẹ̀ wa ṣe ohun kan tó yẹ ká yìn wọ́n fún. Ọsibítù ńlá ìjọba 42 kárí Nàìjíríà, àwọn tí wọ́n ń gbé aláìsàn lọ bí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn kékeré, jọ gbà láti máa lo ìwé kan náà fún ọdún kan gbáko. Gbogbo obìnrin tí oyún tàbí ìbímọ bá pa, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo obìnrin tó bá dé ẹnu ibojì tó sì padà, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Kí ló ṣe é? Ìgbà wo ni wọ́n mọ̀? Ìgbà wo ni wọ́n tọ́jú rẹ̀? Kí ni kò sí nílé?

Nígbà tí wọ́n ro ó pọ̀, ọmọ tí wọ́n bí láàyè jẹ́ 91,724. Obìnrin tó kú jẹ́ 998. Àwọn tó dé ẹnu ibojì padà jẹ́ 1,451.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pín 998 yẹn sí ọ̀nà 42. Bíi 24 ló kan ọsibítù kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ìyẹn méjì lóṣù. Ọ̀kan lè kú lọ́sẹ̀ kìíní, ẹ̀jẹ̀ ló pa á. Èkejì lè kú lọ́sẹ̀ kẹta, gìrì ló pa á. Àwọn òṣìṣẹ́ á sunkún, wọ́n á ní àmúwá Ọlọ́run ni, ilẹ̀ á mọ́, aláboyún mìíràn á tún wọlé. Méjì lóṣù, ènìyàn lè pè é ní kádàrá. Ṣùgbọ́n bí orúkọ 998 bá tò tẹ̀léra wọn nínú ìwé kan ṣoṣo, ta ni yóò pe ìyẹn ní kádàrá? Ibẹ̀ lẹ máa rí i pé ohun kan náà ló ń pa wọ́n láti Sókótó títí dé Èkó.

Apànìyàn méjì ló ṣíwájú: ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún tó ń di gìrì, àti ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n tún wo aago. Láti ìgbà tí dókítà ti mọ ohun tó ń ṣe obìnrin títí di ìgbà tó rí ìtọ́jú tó lè gbà á là, ìdajì wọn ló dúró tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nínú obìnrin 100, bíi 22 ló dúró ju wákàtí mẹ́rin lọ. Wákàtí mẹ́rin! Ọjà alẹ́ ti ná, ó ti tú.

Ìdíwọ́ wo ni wọ́n rí jù? Pípẹ́ kí wọ́n tó gbé obìnrin dé ọsibítù ló ṣíwájú, ó tó 35 nínú 100. Àìní ìwé adójútòfò ìlera tẹ̀lé e, ó lé ní 17. Àìrí ẹ̀jẹ̀ fà sí obìnrin lára ṣe ìkẹta, ó tó bíi 13.

Ẹ má tíì sáré sọ pé, "Àwọn obìnrin ló ń pẹ́ nílé." Ẹ bi wọ́n pé kí ló mú wọn pẹ́. Ọkọ ò sí nílé, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ọkọ gbọ́. Òru ni, kò sí mọ́tò. Agbẹ̀bí àdúgbò ní kí wọ́n ṣe sùúrù, á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Wọ́n gbé e dé ọsibítù àkọ́kọ́, wọ́n ní kò sí dókítà. Wọ́n gbé e dé ìkejì, wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì kún. Ìkẹta ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sanwó. Bó bá wá dé ọsibítù ńlá lẹ́yìn gbogbo èyí, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé ó pẹ́ kó tó dé. Òótọ́ ni, ó pẹ́. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló pẹ́. Bí ọsibítù kìíní bá ti tẹ ìkejì láago, bí ìkejì bá ti mọ̀ pé ìkẹta ní ẹ̀jẹ̀, ẹ̀mí ì bá má bọ́.

ẸNI TÓ FI ÒKÚ PAMỌ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́jà, ẹ mọ ọ̀rọ̀ owó ayédèrú. Gbájú-ẹ̀ á wọ ọjà láàárọ̀, á fi owó ayédèrú ra aṣọ lọ́wọ́ ìyá kan. Ìyá á mọ̀ nígbà tó yá, ojú á tì í, á dákẹ́. Kó tó di ọ̀sán, gbájú-ẹ̀ ti lu ìsọ̀ mẹ́wàá. Ká ní ìyá àkọ́kọ́ ké ni, "Ẹ wo owó lọ́wọ́ yín o!", ẹyọ kan ni ọjà ì bá pàdánù.

Bó ṣe rí gan-an ní ọsibítù nìyẹn. Bí ìyà bá ń jẹ ẹni tó sọ òótọ́, òkú á di ohun tí a ń fi pamọ́. Wọ́n á kọ ohun tó wù wọ́n sínú ìwé. Ọsibítù tó wà ní òdìkejì títì ò ní mọ̀ pé àṣìṣe kan náà ló fẹ́ ṣe lọ́la. Ọsibítù tó bá fi òkú kan pamọ́, ó ń pe òmíràn wá ni.

Ilẹ̀ England àti Wales ti mọ èyí tipẹ́. Láti ọdún 1952 ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí bòńkẹ́lẹ́ lórí ikú abiyamọ. Wọn kì í dárúkọ obìnrin, wọn kì í dárúkọ dókítà. Ohun tó fa ikú àti ohun tó ṣeé tún ṣe ni wọ́n ń wá, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kí gbogbo ọsibítù kà á.

Nílé níbí, Ìpínlẹ̀ Oǹdó gbìyànjú. Nígbà tí Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò ń ṣe gómìnà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní 2009 láti ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀rẹ̀. Wọ́n pín fóònù fún aláboyún kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú wọn, wọ́n sì so ilé ìwòsàn kékeré pọ̀ mọ́ ńlá. Ní 2010, wọ́n ṣòfin pé ikú abiyamọ kankan kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà kí wọ́n má fi tó àwọn olùwádìí létí, àti pé ìwádìí náà kì í ṣe láti wá ẹni tí wọ́n máa fìyà jẹ. Láti 2019 ni àwọn ọsibítù 54 kárí Nàìjíríà sì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àkọsílẹ̀ ìyá àti ọmọ jọ sínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan náà.

ABẸ́RẸ́ TÍ ORÍLẸ̀-ÈDÈ 21 JỌ DÁN WÒ

Ẹnì kan lè ní, "Kíkà la gbọ́, ìwòsàn ńkọ́?" Ìwòsàn ti inú pípawọ́ pọ̀ náà jáde.

Oògùn kan ń bẹ tí wọ́n ń pè ní tranexamic acid. Ó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ń gba abiyamọ là. Kò sí ọsibítù kan ṣoṣo tó lè mọ̀ ọ́n. Bí ènìyàn méjì bá kú lóṣù yìí tí ọ̀kan kú lóṣù tó ń bọ̀, ṣé oògùn ló ṣiṣẹ́ ni àbí oríire? Ó di dandan kí wọ́n pọ̀.

Ọsibítù 193 ní orílẹ̀-èdè 21 ló jọ ṣe é, Nàìjíríà wà nínú wọn. Obìnrin 20,060 tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn ló kópa. Nígbà tí èsì jáde ní 2017, ó hàn gbangba: bí wọ́n bá fún obìnrin ní oògùn yìí láàrin wákàtí mẹ́ta tó bímọ, ikú tí ẹ̀jẹ̀ ń fà dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Bó bá kọjá wákàtí mẹ́ta, àǹfààní rẹ̀ ò sí mọ́. Ẹ tún rántí àwọn obìnrin 22 nínú 100 tó dúró ju wákàtí mẹ́rin lọ!

Ọ̀RÁ TÓ NÍ ÀMÌ

Ibi tí kóńgò wa wà rèé. Láàrin 2021 sí 2023, ọsibítù 80 ní Kenya, Nàìjíríà, South Africa àti Tanzania tún pawọ́ pọ̀. Kì í ṣe ọsibítù ńlá ńlá o, irú àwọn jẹ́nẹ́rà tó wà nítòsí wa ni. Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló darí iṣẹ́ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Kánò ló sì ṣíwájú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Obìnrin 210,132 ló bímọ níbẹ̀.

Wọ́n pín àwọn ọsibítù náà sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Apá kejì lo ọ̀rá kan tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìdí obìnrin bí ọmọ bá ti jáde. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, inú ọ̀rá yìí ló ń dà sí, àmì ìwọ̀n sì wà lára rẹ̀. Bó bá dé àmì 300, kí wọ́n la ojú sílẹ̀, kí wọ́n wo ìfúnpá àti ìlùkìkì ọkàn obìnrin. Bó bá dé 500, kò sí ọ̀rọ̀ ẹ jẹ́ ká máa wò ó mọ́.

Tẹ́lẹ̀, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ kan, wọ́n á dúró. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á tún wá òmíràn. Báyìí, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni: wọ́n á fọwọ́ ra ikùn kí ilé-ọmọ lè fún, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń fún ilé-ọmọ, wọ́n á fi tranexamic acid sí i, wọ́n á so dírípù, wọ́n á yẹ obìnrin wò bóyá ibi ṣẹ́kù tàbí ara ya, wọ́n á sì pe ẹni tó ju wọn lọ bí kò bá dáwọ́ dúró. Gbogbo oògùn yìí wà nínú àpótí kan pa pọ̀. Kò sí pé ẹnì kan ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri. Lóṣooṣù, wọ́n á ka èsì ọsibítù kọ̀ọ̀kan síta fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n dé.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Nínú obìnrin 100 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ya kọjá ààlà, àwọn tó ń fojú wọ̀n ọ́n rí 51 péré. Ẹ gbọ́ o, wọn ò mọ̀ pé ewu wà lára 49 yòókù! Àwọn tó lo ọ̀rá rí 93. Ní ti ewu ńlá, ìyẹn kí ẹ̀jẹ̀ tó lítà kan, tàbí kí wọ́n la ikùn obìnrin nítorí rẹ̀, tàbí kó pa á, 43 ló bọ́ sínú rẹ̀ nínú 1,000 níbi tí wọ́n ti ń fojú wọ̀n ọ́n. Níbi tí wọ́n ti lo ọ̀rá, 16 ni. Ọdún 2023 lèsì yìí jáde, lọ́dún náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rá lásán! Kì í ṣe ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni kí ọsibítù gbà pé ojú òun ń tan òun jẹ, kó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun ka iye.

ÈWO NI TIWA NÍBẸ̀?

Ìjọba ní tirẹ̀, dókítà ní tirẹ̀. Àwa náà ní tiwa.

Ẹ̀yin aláboyún, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì débẹ̀, ẹ má kàn gba káàdì kẹ́ ẹ jókòó. Ẹ bi nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ níbí? Tí ọ̀rọ̀ bá le, ọsibítù wo lẹ máa gbé mi lọ? Ṣé ẹ máa ń pè wọ́n ṣáájú? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀?" Kò sí àbùkù nínú ìbéèrè. Ẹni tó ń ra aṣọ òkè ń yẹ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ sọ ọ́ jáde láti ìsinsìnyí pé bí àmì ewu bá yọ, kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n má dúró dè yín. Ẹ mọ nọ́ńbà onímọ́tò kan tó ń gbé nítòsí. Bí obìnrin bá ti bímọ nílé, tó ń pààrọ̀ aṣọ ìdí léraléra nítorí ẹ̀jẹ̀, tó ní òòyì ń kọ́ òun, ara rẹ̀ tutù, ẹ má ṣe fún un ní àgbo, ẹ gbé e dìde. Aago wákàtí mẹ́ta yẹn ti ń lọ.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ti ilé àdúrà, a ò bú yín. Ẹ̀yin ni wọ́n ń sá bá nígbà tówó ò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó tètè gbé obìnrin lọ sí ọsibítù kò tẹ́, ó ti gba ìyá, ó ti gba ọmọ.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin lẹ lágbára jù. Òfin 2022 ní kí gbogbo ènìyàn ní ìwé adójútòfò ìlera, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní ètò tiwọn, irú bí Ìlera Èkó. Ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ wọn wá sí ìpàdé ẹgbẹ́, kí wọ́n ṣàlàyé iye owó àti ohun tó bò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yan ọjọ́ kan nínú ọdún tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ara wọn le á lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ọsibítù. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: bí ọkọ bá ń sáré kiri ìgboro lóru, tó ń bẹ èrò pé kí wọ́n wá fún ìyàwó òun lẹ́jẹ̀, ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ kó tó di òru ló ń gba ènìyàn là.

Bí wọ́n bá sì ní kí ẹgbẹ́ yín wá jókòó nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn àdúgbò, ẹ má kọ̀. Ẹ béèrè iye abiyamọ tó kú lọ́dún tó kọjá. Ẹ béèrè ohun tó pa wọ́n àti ohun tí wọ́n ti yí padà. Kì í ṣe láti fi orúkọ nọ́ọ̀sì kankan ṣeré o. Ẹni tí ẹ bá dẹ́rù bà lónìí, yóò fi òkú pamọ́ lọ́la.

Ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ti lo ọ̀rá oníwọ̀n yìí rí, ẹ sọ bó ṣe rí fún wa. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ dé ẹnu ibojì padà, ẹ sọ ohun tó gbà yín àti ohun tó fẹ́ dá yín dúró. Ẹ ò ní láti dárúkọ ara yín, ẹ má sì dárúkọ ọsibítù. Ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún yín.

Gbogbo ẹni tó wà nínú oyún tó ń ka ìwé yìí tàbí tí wọ́n ń kà á sí létí, wẹ́rẹ́ lẹ óò bí i. A óò gbóhùn ìyá, a óò gbóhùn ọmọ.